Ẹ Fi Omi Lílọ́wọ́ọ́wọ́ Fọ̀ Ọ́

Kòtíìkú ni àwọn oníbàárà ń pe ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe náà, nítorí bí ẹ̀rọ bá bọ́ sómi, bí iná bá jó o, bí mọ́tò bá gorí rẹ̀ kọjá, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ: “Kò tíì kú.” Ohun tó sọ fún Ìyá Ẹlẹ́ja nìyẹn láàárọ̀ tó gbé laptọ́ọ̀pù ọkọ rẹ̀ wá, tó sọ kúlà tó ń kó ẹja sí kalẹ̀ lẹ́bàá tábìlì.

“Mo mọ̀ pé kò kú,” ni obìnrin náà wí. “Kò kàn mọ ìka ọkọ mi mọ́ ni.”

Kòtíìkú ṣí i wò. Gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà létí bọ́tìnnì, èyí tí ẹni tó ni ín máa ń fìka tẹ̀ kó tó lè ṣí ohun tó bá tì pa. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti gbé ètò tuntun gorí àtijọ́, ètò tuntun náà ò sì mọ gíláàsì yẹn rí.

“Ta ló dán irú èyí wò?”

“Ọmọ àdúgbò wa kan. Ó ní tuntun ló máa bá mi ṣí i.”

“Ó bá yín wá wàhálà ni. Kí ló wà nínú ẹ̀?”

Obìnrin náà fi etí aṣọ nu ojú tábìlì níbi tí kò dọ̀tí.

“Àwòrán ọmọ wa. Òun nìkan la bí. Kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Látìgbà tó ti fi wá sílẹ̀, mi ò kì í sùn láìwò ó. Bàbá rẹ̀ ní ẹkún ti pọ̀ jù nínú ilé òun, ló bá fìka tì í.”

Kòtíìkú ò dápàárá mọ́. Ó ní òun á dá ètò àtijọ́ padà, òun á sì wá dẹ́rẹ́bà fún un.

“Dẹ́rẹ́bà kẹ̀? Níbo ló fẹ́ lọ?”

“Kò lọ síbì kan, Ìyá Ẹlẹ́ja. Orí wà, ọwọ́ wà, ṣùgbọ́n orí ò mọ̀ pé òun lọ́wọ́. Dẹ́rẹ́bà ló máa fi wọ́n mọ ara wọn. Ṣé ọkọ yín ò ní bínú pé ẹ gbé e wá?”

“Kì í bínú mọ́. Gbígbóná ni tẹ́lẹ̀, títí dé ìkòríta ni wọ́n ti ń gbóhùn ẹ̀. Ó ti tutù báyìí.”

“Àgbà ló ń dé yẹn.”

Obìnrin náà mú ẹja kan jáde nínú kúlà, ó le bí igi. “Ẹ fi èyí jẹun. Odindi ni, àbí kí n gé e?”

“Ẹ bá mi gé e.”

Orí ọ̀rá ló gé e sí. Ọ̀bẹ rẹ̀ kì í ba ibì kan lẹ́ẹ̀mejì, kò sì wo ọwọ́ ara rẹ̀. Bó ṣe ń di í lọ́wọ́ ni fóònù rẹ̀ dún. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ díẹ̀, ó dìde.

“Iná ti lọ nílé wa.”

“Ẹ tètè lọ kẹ́ja má bàjẹ́ o.”

“Mi ò kó ẹja sí fìrísà ilé,” ló wí, ó ti dé ẹnu ọ̀nà.

Ètò àtijọ́ ṣì wà níkọ̀rọ̀ kan nínú ẹ̀rọ náà, bí aṣọ tí wọ́n ká sísàlẹ̀ àpótí. Kòtíìkú fà á jáde. Ó rí dẹ́rẹ́bà àwòrán, ojú ẹ̀rọ gún régé. Ó rí ti ohùn, ó pa ẹ̀rọ, ó tún tàn án. Ọmọdé kan rẹ́rìn-ín.

Ó wo ẹ̀yìn. Kò sẹ́nì kankan ní ṣọ́ọ̀bù. Ó tún tàn án, ẹ̀rín náà tún dún nínú ẹ̀rọ. Ẹnì kan ló ti fi ẹ̀rín náà ṣe ohùn tó máa ń dún bí wọ́n bá tan ẹ̀rọ, láti ọjọ́ pípẹ́. Ó yí ohùn náà wálẹ̀ kó tó wá dẹ́rẹ́bà gíláàsì. Nígbà tí ìyẹn náà wọlé, ó pe Ìyá Ẹlẹ́ja lórí fóònù.

“Ìka ọkọ yín ló kù. Ṣé ó lè yà síbí?”

“Kò lè dìde.”

“Kí n gbé e wá bá a nílé?”

“Rárá, ilé wa ò ṣeé gbàlejò.”

Ẹnu ń yún Kòtíìkú láti àárọ̀. “Ó dáa, ẹ mú ìka ẹ̀ nìkan wá, kẹ́ ẹ fi ìyókù sílẹ̀ kó máa sinmi.”

Obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín.

“Tí ìka bá tutù ńkọ́?”

“Á, gíláàsì yìí ò gba ìka tútù o. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.”

“Mo ti gbọ́.”

Lọ́jọ́ kejì, Kòtíìkú yá àga alápá lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀, ó nù ún, ó gbé e síwájú tábìlì fún aláìsàn. Ìyá Ẹlẹ́ja dé, òun nìkan, kúlà lọ́wọ́ kan, fúláàsì lọ́wọ́ kejì. Kòtíìkú na ọrùn wo títì lẹ́yìn rẹ̀.

“Bàbá ńkọ́?”

“Ó ń sinmi, bí ẹ ṣe wí.”

Ó jókòó sórí àga alápá náà. Kòtíìkú tan ẹ̀rọ. Ẹ̀rín ọmọ náà dún, obìnrin náà sì fọwọ́ bo ẹnu títí ó fi tán.

Ó wá ṣí kúlà, ó tú aṣọ funfun kan, ó to ohun inú rẹ̀ sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe máa ń tò ó fún oníbàárà, ó ní, “Mo ti fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n mi ò mọ èwo ló fi tì í, ni mo ṣe kó mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wá.”