Wáyà Tí Wọ́n Lọ́ Sósì

Atúnṣe náà ti dojú ẹ̀rọ ìfọṣọ màmá kan tó jẹ́ oníbàárà rẹ̀ délẹ̀, ó ń fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Wáyà tó já ni wọ́n kàn lọ́ pọ̀. Wọn ò fi òjé jó o, wọn ò sì fi téèpù wé e.

"Màmá, ọ̀lẹ ló ṣe iṣẹ́ jákujàku yìí. Àbúrò mi ni, àbí?"

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà ni òun àti àbúrò rẹ̀ ti ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira. Àbúrò ló kọ́ṣẹ́ kẹ́yìn, síbẹ̀ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń gbé fíríìjì lọ, tí ẹ̀gbọ́n ń lé eṣinṣin. Lónìí, ọwọ́ pálábá ọmọ náà ti ségi.

"Rárá o," ni màmá náà wí. "Ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá yín ni wọ́n ti ṣe é nígbà tẹ́ ẹ ṣì ń kọ́ṣẹ́. Àbúrò rẹ ṣí i lánàá, ó wò ó, ó sì dé e padà. Ó ní ìwọ ni kí n pè, pé kò sẹ́ni tó mọ ẹ̀rọ yìí tó ẹ̀gbọ́n òun."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu atúnṣe. Ó tún tan tọ́ọ̀ṣì. Apá òsì ni wọ́n lọ́ wáyà náà sí, òun nìkan ló sì ń lo ọwọ́ òsì ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá wọn.

"Ọmọ yẹn mà fẹ́ràn rẹ o."

Ìyìn náà ta á lára ju èébú lọ. Ó fi òjé jó wáyà náà, ó fi téèpù wé e dáadáa, ẹ̀rọ sì ń yí. Ó kó irinṣẹ́ sápò, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé jáde, kí àbúrò rẹ̀, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ ilé màmá náà, má baà rí i kí.