Káàdì Pupa Lọ́wọ́ Marla

Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni Garrett Hoyle ń kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Áíówà. Ó fi ọ̀rọ̀ sísọ ní gbangba ṣe àfikún, nítorí ohùn rẹ̀ dùn. Iṣẹ́ ọ̀gbìn ni Marla Voss ń kọ́. Òun náà mú ọ̀rọ̀ sísọ kún un, nítorí ojú máa ń tì í. Ẹnì kan ṣoṣo ni yóò ṣojú ilé-ìwé ní ìdíje ìpínlẹ̀, àwọn méjèèjì ló sì kù.

Lọ́jọ́ Ajé, Garrett bá Marla ní ilé ìkàwé.

"Voss, yá mi ní ìwé tí o kọ ọ̀rọ̀ ìdíje rẹ sí, jọ̀ọ́. Mo kàn fẹ́ wo bí o ṣe tò ó ni."

"Ìwọ ẹlẹ́nu dídùn?"

"Ẹnu dùn lóòótọ́, ìwé ló ṣófo."

Marla rẹ́rìn-ín, ó sì yá a. Lọ́jọ́rú, Garrett dá a padà láìsí àbààwọ́n kankan.

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n ṣẹ́ gègé. Garrett ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú méje. Gẹ́gẹ́ bí àṣà kíláàsì náà, ẹni tó kàn ló ń ṣọ́ àkókò. Bó bá na káàdì pupa, ẹni tó bá tún sọ gbólóhùn kan ti pàdánù.

Garrett sọ nípa bàbá àgbà kan tó ń sin oyin. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n sin ìyàwó rẹ̀, ó ń kan ara ilé oyin kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń kanlẹ̀kùn, ó ń túfọ̀ fún àwọn oyin, kí wọ́n má bàa bínú lọ. Ètè Marla ń mì.

"Ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́ ni?" Denny tó jókòó tì í béèrè wúyẹ́wúyẹ́.

"Rárá."

Nínú ìtàn Garrett, bàbá àgbà náà kan ara ilé oyin kẹta. Ilé oyin náà kò dáhùn. Marla na káàdì pupa.

Garrett la ẹnu, ó tún pa á dé. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

"Ṣé ibẹ̀ ló parí sí?" Ọ̀jọ̀gbọ́n Lindgren béèrè.

"Àkókò ló tán, mà. Nínú yàrá mi, ìṣẹ́jú méje géérégé ló máa ń gbà."

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo aago ara ògiri, ó yíjú sí Marla.

"Voss, ó kàn ọ́."

"Má gbọ̀n o," Garrett fi ṣe yẹ̀yẹ́ bó ṣe ń kọjá lọ. "Jẹ́ ká gbọ́ tìrẹ."

Marla fi káàdì sílẹ̀, ó dojú kọ wọn láìmú ìwé lọ́wọ́, ó ní, "Nígbà tí ilé oyin kẹta kò dáhùn, Emmett Voss, bàbá tó bí bàbá mi, ṣí fìlà," ó sì fi ìṣẹ́jú mẹ́ta tó gé kúrò nínú àkókò Garrett parí ìtàn náà.