Ilé Tó Ń Hù Bí Olú

Láràárọ̀, kí n tó mu tíì, màá ti pa igba òṣìṣẹ́ rẹ́ kúrò nínú fíìmù. Fíìmù wa máa ń fi iṣẹ́ ilé kíkọ́ ọjọ́ kan hàn ní ìṣẹ́jú kan, òfin sì ni pé a kò gbọdọ̀ rí ènìyàn nínú rẹ̀. Ilé gbọ́dọ̀ máa hù fúnra rẹ̀ bí olú.

Lónìí, ìyàwó Fìjàbí wá sí ọ́fíìsì. Bíríkìlà ni ọkọ rẹ̀; ó já bọ́ láti àjà kẹsàn-án lọ́jọ́ Ẹtì, ó sì kú.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n rí i lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ọ̀gá mi tan fíìmù ọjọ́ Ẹtì. Búlọ́ọ̀kù ń to ara wọn.

"Ẹ ò rí bó ṣe mọ́ tónítóní," ni ọ̀gá wí.

Lórí àjà kẹsàn-án, abọ́ ẹ̀bà kan ń tán láìsí ọwọ́ tó ń bù ú. Mo ti gbàgbé láti pa á rẹ́.

Obìnrin náà fọwọ́ kan abọ́ náà lójú gíláàsì. "Èmi ni mo gbé e fún un."

Ọ̀gá yíjú sí mi. "Pa abọ́ yẹn náà rẹ́."

Mo pa á rẹ́. Nígbà tí tíì mi dé, mi ò lè fi ọwọ́ tí mo fi pa á rẹ́ gbé e. Ọwọ́ náà ń rí mi lára.