Ẹ̀rọ Tó Ń Lọ Lọ́sàn-án

Wọ́n ti gbé ọkọ obìnrin náà sórí bẹ́ẹ̀dì, òyìnbó tó gbé ẹ̀rọ wá sì ń nu ọ̀pá rẹ̀, nígbà tí Dókítà Ajíbóyè yíjú sí ìyàwó náà lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀pá yìí ló máa gba ọ̀fun wọ ikùn, tí kò sì gbọdọ̀ bá oúnjẹ níbẹ̀, tí yóò fi ìró wo ohun tó wú lẹ́yìn ikùn, tó ti sọ ọkùnrin náà di egungun. Kò sí irú rẹ̀ n'Ìbàdàn lọ́dún 1988 yẹn. Lọ́sàn-án yìí ni òyìnbó ń gbé e padà sí Jámánì.

"Màmá, mo ní kò gbọdọ̀ jẹ nǹkan kan lónìí. Ṣé ẹ rántí?"

"Mo rántí, Dókítà. Láti ìgbà tí ládàánì ti pe ìrun àárọ̀, itọ́ nìkan ló ń gbé mì."

"Kí wọ́n tó pe ìrun ńkọ́?"

Ó ṣí kúlà tó gbé sáyà, ó fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ hàn án.

"Mo gúnyán fún un. Kò fẹ́ jẹ, inú ń ta á, àmọ́ mo ní èèyàn kì í gbààwẹ̀ láìjẹ sààrì. Ó jẹ ẹ́ tán."

Dókítà sọ̀rọ̀ díẹ̀ sétí òyìnbó. Òyìnbó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ká ọ̀pá náà padà sínú àpótí.

"Ṣé wọ́n ti ṣe é tán?" ni ìyàwó bi wọ́n. "Alihamudulilai."