Ẹ̀jẹ̀ Géńdé

Dókítà tuntun kan ń ka èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan, ó sì fọwọ́ lu tábìlì.

"Ọ̀gá awakọ̀, ẹ̀jẹ̀ géńdé lẹ gbé wá o! Họ́mónù ọkùnrin tó lọ sílẹ̀ lára yín lọ́dún tó kọjá ti gòkè padà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta! Kí lẹ lò?"

"Mi ò lo nǹkan kan. Kẹ̀kẹ́ ni mò ń gùn lójoojúmọ́, láti ìlú Ribe níbí dé etíkun."

"Ara ńkọ́? Ṣé ó ń béèrè obìnrin?"

"Ó ń béèrè."

Dókítà bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó yín á mà ti máa jó nílé!"

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì náà wolẹ̀. "Dókítà, ṣé oògùn wà tó lè rẹ ìfẹ́ ara yìí sílẹ̀?"

"Kí ló dé?"

"Vibeke ìyàwó mi wà nílé ìtọ́jú àwọn tó ti sọ ìrántí nù, létíkun níbẹ̀. Òun ni mò ń gun kẹ̀kẹ́ lọ wò. Lánàá, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó já a gbà, ó ké pe nọ́ọ̀sì pé ọkùnrin kan tóun ò mọ̀ rí ń fọwọ́ kan òun."

Awakọ̀ ti dìde, ó ń de bọ́tìnì ẹ̀wù òtútù rẹ̀.

"Ẹ bá mi kọ oògùn náà kíákíá. Aago márùn-ún ni wọ́n ń tilẹ̀kùn, atẹ́gùn òkun sì ń fẹ́ kò mí lójú lónìí."