Àgbàdo Tí Wọ́n Fi Omi Dù

Olùwádìí kan ń ka ewé àgbàdo lọ́wọ́ nínú ilé ọ̀gbìn rẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀, tó ti wá kí i láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, gbé garawa omi wọlé. Olùwádìí náà sáré dìde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti fi omi du ìlà àgbàdo méjì, ọ̀kan irú àtijọ́, ọ̀kan irú tuntun, kí ó lè mọ̀ bóyá irú tuntun náà, tí purotéènì ara rẹ̀ ń gbógun ti ọ̀dá, yóò là á já.

"Màmá, ẹ ò tíì bomi rin wọ́n, àbí?"

"Ọjọ́ kẹrin tí mo ti ń bomi rin wọ́n rèé. Ṣé kí n máa wò wọ́n níran ni?"

Iṣẹ́ ọdún mẹ́fà ti bómi lọ. "Ìlà wo, Màmá?"

Ìyá nawọ́ sí ìlà irú àtijọ́, èyí tó ti gbẹ háúháú. "Àwọn aláìsàn yìí ni. Àwọn tó tutù yọ̀yọ̀ lọ́hùn-ún, mo ṣebí ìwọ lò ń fún wọn lómi mu."