Ajá Keje

Ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì wé ni Ọ̀jọ̀gbọ́n fi fa èsì àyẹ̀wò náà ya, ó jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí.

"Ajá tó bá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tí mo ṣe kì í ya dìgbòlugi. Ìwọ lo fi ọwọ́ wúruwùru ba iṣẹ́ jẹ́."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo yẹ ọpọlọ ajá keje yìí wò, sà," ni akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà fèsì.

"Kọ ọ́ pé kò lárùn, tàbí kí o di ẹrù rẹ."

Ọdún kẹfà rèé tó ti ń jẹ ìwọ̀sí lábẹ́ rẹ̀ nítorí oyè ọ̀mọ̀wé. Ọwọ́ rẹ̀ kò tíì tẹ èèkù idà, ló bá kọ ọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n buwọ́ lù ú.

Òfin tí Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mọ olówó ajá kan títí wọn yóò fi buwọ́ lu èsì rẹ̀. Ó wá já àpò ìwé tí wọ́n lẹ̀ pa, ó ka orúkọ olówó ajá keje. Ó tún un kà.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta lo wí?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta, sà."

Ọ̀jọ̀gbọ́n kúnlẹ̀ sídìí apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí. Ọwọ́ tí ajá rẹ̀ bù jẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá, kí ajá náà tó kú, ló fi ń ṣa èsì tó ti fà ya.